Ìlà Funfun Lójú Ìwé: Bí A Ṣe Ń Rọ Íńkì Sínú Kátíríìjì, àti Bí A Ṣe Ń Mọ Ihò Tó Dí

Bí ìlà funfun bá ń la àárín lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde, tàbí tí ojú ẹni tó wá ya pásípọ́ọ̀tù bá ń jáde ní àwọ̀ ewé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu wa ni pé ihò íńkì ti dí. Lẹ́yìn náà ni a ó máa fọ orí pírìńtà (Head Cleaning) léraléra, tàbí ká ki kátíríìjì, ìyẹn ike kékeré tí íńkì wà nínú rẹ̀, bọ omi gbígbóná. Nígbà míì, ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣiṣẹ́, torí pé ihò náà ò dí rárá. Íńkì lè ti tán, afẹ́fẹ́ lè ti há sójú ọ̀nà, wáyà inú kátíríìjì sì lè ti jó. Ìlà funfun kan náà ni gbogbo wọn ń fà, bẹ́ẹ̀ ohun tó wo ọ̀kan sàn lè ba èkejì jẹ́ pátápátá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ká tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí irú pírìńtà tó wà níwájú yín. Nínú HP àti Canon kéékèèké, irú bíi DeskJet 2130 tàbí PIXMA MG2540s, orí tó ń tẹ̀wé wà lára kátíríìjì fúnra rẹ̀. Ẹ dojú kátíríìjì náà dé, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan tó ń dán. Ibẹ̀ ni àwọn ihò wà. Wọ́n kéré débi pé ẹ lè to bíi mẹ́ta pọ̀ kó tó fẹ̀ tó fọ́nrán irun orí kan. Lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan ni wáyà ìgbóná bíńtín wà. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti mú íńkì tó kàn án gbóná kọjá 300°C, íńkì á hó, á wú, á sì ta ẹ̀kán kan jáde sórí ìwé. Íńkì tuntun tó ń wọlé tẹ̀ lé e ló ń tu wáyà náà lára. Ìyẹn ni pé bí íńkì bá ti tán tí ẹ ṣì ń tẹ̀wé lọ, wáyà yẹn á máa gbóná lórí òfo títí á fi jó. Kátíríìjì tí wáyà ẹ̀ ti jó, kò sí omi tó lè jí i. Bí àwọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ẹ dúró, kí ẹ rọ íńkì sí i. Ẹ má fún un gbẹ tán.

Epson àti Brother ò lo ìgbóná. Kírísítálì kékeré kan ló wà lẹ́yìn ihò wọn. Bí iná bá kàn án, á tẹ̀, á sì ti íńkì jáde. Orí yìí wà lára ẹ̀rọ, kì í bá kátíríìjì jáde. Àwọn Epson oní táńkì bíi L3110, L3150 àti L3250 ò tiẹ̀ ní kátíríìjì. Táńkì ẹ̀gbẹ́ wọn lẹ ń da íńkì sí. Rírọ íńkì sínú wọn ò ní wàhálà rárá. Àmọ́ bí orí wọn bá bàjẹ́, owó orí tuntun lè mú kí ẹ sọ pé ẹ kúkú máa ra ẹ̀rọ míì, ìdí sì nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa rọra ṣe wọ́n. Canon G2410 àti HP Smart Tank ní táńkì bíi ti Epson, ṣùgbọ́n ìgbóná ni tiwọn.

Íńkì tí ẹ fẹ́ rà

Ẹ wo ara ìgò náà dáadáa. Ẹ ó rí “Dye” tàbí “Pigment” lára rẹ̀. Dye jẹ́ aró tó ti yọ́ tán sínú omi. Pigment jẹ́ ìyẹ̀fun kíkúnná tí kò yọ́, tó kàn léfòó sínú omi náà. Íńkì dúdú inú kátíríìjì HP àti Canon kéékèèké sábà máa ń jẹ́ pigment, torí pé ó ń jókòó sórí ìwé, kì í ràn, omi kì í sì í tètè fọ̀ ọ́. Àwọ̀ mẹ́ta tó kù jẹ́ dye. Ní ti Epson tó ń lo ìgò 103 tàbí 664, dye ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, dúdú pẹ̀lú.

Ìgò “Universal” tí wọ́n ń tà káàkiri, dye ló sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá rọ ọ́ sínú kátíríìjì dúdú HP, á tẹ̀wé, àmọ́ lẹ́tà á ràn díẹ̀ lórí ìwé, ẹ̀kán òjò kan sì ti tó láti fọ orúkọ kúrò lórí fọ́ọ̀mù. Ìyẹn ṣì kéré. Ohun tó burú jù ni kí pigment àti dye pàdé nínú fóòmù kan náà, ìyẹn fóòmù tó ń fa íńkì mu nínú kátíríìjì: ìyẹ̀fun yẹn lè dì pọ̀, kó sì dí ojú ihò láti inú wá, níbi tí omi ò lè dé. Bí ẹ bá ti fi irú kan bẹ̀rẹ̀, irú yẹn náà ni kí ẹ máa rọ. Íńkì sublimation tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára ife àti T-shirt ò gbọ́dọ̀ wọ inú pírìńtà ìwé rárá. Ẹ̀rọ tiẹ̀ ló yẹ kó ní lọ́tọ̀.

Rírọ ọ́

Ẹ wá sìríǹjì 5 ml lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ẹyọ kan ṣe gbogbo rẹ̀ kí ẹ kàn máa fi omi ṣàn án, torí ẹ̀kán kan tó ṣẹ́ kù nínú abẹ́rẹ́ ti tó láti ba yẹ́lò jẹ́. Ẹ tún nílò tíṣù, ìbọ̀wọ́, igi ìtayín, àti ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ẹ ó tẹ́ sórí tábìlì. Íńkì kì í tètè kúrò lára aṣọ.

Ẹ rọra ṣí sítíkà orí kátíríìjì. Ti dúdú ní ihò tí ẹ ó ti rọ íńkì, pẹ̀lú àwọn ojú ọ̀nà wẹ́wẹ́ tó dà bí ìlà. Ti aláwọ̀ ní ihò mẹ́ta. Ẹ má gbára lé àwòrán tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ pé yẹ́lò wà lókè, pupa wà lápá òsì, torí ètò wọn máa ń yàtọ̀ láti kátíríìjì kan sí òmíràn. Ẹ ki igi ìtayín tó mọ́ bọ ihò kọ̀ọ̀kan, kó kan fóòmù, kí ẹ fà á jáde wò. Àwọ̀ tó bá wà lẹ́nu igi náà ni ẹ ó rọ síbẹ̀. Igi tuntun fún ihò tuntun. Cyan ni búlúù fẹ́rẹ́, magenta ni pupa tó fara jọ pínńkì. Yẹ́lò ni kí ẹ kọ́kọ́ rọ, nígbà tí ọwọ́ yín ṣì mọ́.

Ẹ ki abẹ́rẹ́ wọnú fóòmù dé bí ìdajì tàbí díẹ̀ sí i. Ẹ má tì í kan ìsàlẹ̀, torí asẹ́ kan wà níbẹ̀ tí abẹ́rẹ́ lè dá lu. Ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: 1 ml gbọ́dọ̀ gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 15. Ìkánjú níhìn-ín ló ń fa ọ̀pọ̀ wàhálà tí à ń pè ní “ihò tó dí”. Bí íńkì bá ya wọlé lójijì, kì í ráyè rìn káàkiri inú fóòmù. Á gba ẹ̀gbẹ́, á sì sé afẹ́fẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀. Nínú ti aláwọ̀, ó tún lè kún bo ògiri tó là wọ́n láàárín, kó lọ bá ẹnìkejì rẹ̀. Bí yẹ́lò bá di àwọ̀ ewé lẹ́yìn tí ẹ rọ ọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ní ti ìwọ̀n, Canon PG-445 gba 8 ml nígbà tó wà ní tuntun, XL rẹ̀, èyí tó gba íńkì jù, sì gba 15 ml. Íńkì kì í tán nínú rẹ̀ pátápátá, torí náà 5 sí 6 ml ti tó fún PG-445. Kátíríìjì dúdú HP kékeré ò nílò ju 3 sí 4 ml lọ. Ti aláwọ̀, 2 ml fún ihò kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ojú ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n ju nọ́ńbà lọ: bí íńkì bá ti yọ lẹ́nu ihò, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ fa díẹ̀ padà.

Ẹ da sítíkà padà sáyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má lẹ̀ ẹ́ pinpin, ẹ má sì fi sẹlotéèpù dí gbogbo orí kátíríìjì. Àwọn ojú ọ̀nà wẹ́wẹ́ yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí íńkì ṣe ń jáde. Bí ẹ bá dí i, ìwé á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́ á dúdú kirikiri, lẹ́yìn náà á máa ṣá títí á fi funfun. Ẹ ó sọ pé íńkì náà ò dára, bẹ́ẹ̀ téèpù lẹ fi fún un lọ́rùn.

Ẹ ṣẹ́ tíṣù po, kí ẹ gbé kátíríìjì lé e, kí ojú ihò kọjú sísàlẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ẹ ó rí àmì tó fà sílẹ̀: ìlà dúdú kan ṣoṣo, tàbí ìlà àwọ̀ mẹ́ta tí wọn ò wọnú ara wọn. Bí àwọ̀ bá ṣì ń dà pọ̀, ẹ gbé e sórí tíṣù tuntun títí á fi já geere. Ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu àwọn ojú bàbà tí iná ń gbà kọjá, kí ẹ tó dá a padà sínú ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ náà á ṣì máa sọ pé íńkì ti tán. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Chip ara kátíríìjì, ọpọlọ kékeré tó ń ṣírò íńkì, kì í wo inú fóòmù. Ó kàn ń ka iye ẹ̀kán tó ti jáde ni, kò sì mọ̀ pé ẹ ti rọ òmíràn. Lára Canon MG2540s, bí àmì E13 tàbí E16 bá yọ lójú ẹ̀rọ pé íńkì ti tán, ẹ tẹ bọ́tìnnì Stop mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 ó kéré tán, á sì máa báṣẹ́ lọ. Lára HP, ẹ tẹ OK tàbí Continue. Àwọn HP kan ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Cartridge Protection, tó máa ń so kátíríìjì mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ẹ pa á kí ẹ tó fi kátíríìjì tuntun sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ míì.

Kí ló wá ń ṣe é?

Nínú Maintenance lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí Nozzle Check, ìyẹn ìdánwò tó ń fi hàn bóyá gbogbo ihò ń ta íńkì (orúkọ rẹ̀ lè yàtọ̀ lára HP). Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, sórí ìwé méjì, kí ẹ to méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló ń fo ìgbésẹ̀ yìí, òun gan-an ló sì ń sọ òótọ́.

Bí àlàfo bá wà ní ojú kan náà lórí ìwé méjèèjì, íńkì ti gbẹ sínú ihò wọ̀nyẹn, tàbí wọ́n ti jó. Bí àlàfo bá ń sún kiri, tó wà níbí lórí ti àkọ́kọ́, tó wá wà lọ́hùn-ún lórí ìkejì, afẹ́fẹ́ ni. Bí odindi àwọ̀ kan ò bá yọ rárá, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá íńkì wà níbẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ihò gbẹ tàbí ó jó nínú HP tàbí Canon, ẹ gbé ojú ihò lé tíṣù tó tutù díẹ̀. Bí ìlà bá yọ délẹ̀ lórí tíṣù, àmọ́ tí ìwé ṣì ní àlàfo lójú kan náà, íńkì ń jáde, iná ni ò dé ibẹ̀. Ẹ tún ojú bàbà nù, kí ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá yí padà, kátíríìjì yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀ láyé.

Ìsinmi ni oògùn afẹ́fẹ́. Fífọ̀ léraléra kàn ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọlé ni. Ẹ gbé kátíríìjì kalẹ̀ kí ojú ihò kọjú sísàlẹ̀ lórí tíṣù tó tutù, di ọjọ́ kejì. Ní ti Epson oní táńkì, ẹ má fọ orí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ léra wọn. Bí kò bá yàtọ̀, ẹ pa á, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 12 ó kéré tán kí ẹ tó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni ẹ lè lo Power Cleaning, ìyẹn ìfọ̀ tó lágbára jù, bí táńkì kọ̀ọ̀kan bá kún tó ìdá kan nínú mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ má sì jẹ́ kí íńkì lọ sísàlẹ̀ ìlà ìsàlẹ̀ táńkì láé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e láti Sábó lọ sí Ìjẹ̀dẹ́ níhìn-ín ní Ìkòròdú, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Ó gbọ́dọ̀ jókòó bó ṣe ń jókòó lórí tábìlì.

Ìgbà tó bá jẹ́ pé íńkì ló gbẹ lóòótọ́ ni omi wúlò. Ẹ má lo omi bọrúhóòlù. Ẹ wo ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù yín, ẹ ó rí ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Irú rẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù sínú ihò bí omi náà bá gbẹ. Distilled water ni kí ẹ rà. Àwọn tó ń ta nǹkan mọ́tò ní i, “omi bátìrì” ni wọ́n ń pè é. Ẹ kíyè sí i o: orúkọ kan náà làwọn kan fi ń pe ásíìdì tí wọ́n ń dà sínú bátìrì tuntun. Ẹ ka ara ìgò náà kí ẹ tó sanwó. Ásíìdì á jẹ irin ojú ihò, á sì bó ọwọ́ yín.

Ẹ mú omi náà gbóná dé bíi 50°C, kí ìka lè kàn án ṣùgbọ́n kó má lè pẹ́ níbẹ̀. Ẹ tẹ́ tíṣù sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ da omi sí i, kó má ga ju mílímítà 3 lọ. Ẹ gbé kátíríìjì dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ojú ihò nìkan ni kí omi kàn. Ẹ ó rí íńkì tó ń tú jáde bí èéfín nínú omi. Ẹ gbé e sórí tíṣù gbígbẹ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má fi ra, torí fọ́nrán tíṣù lè wọ ihò. Ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ojú bàbà gbẹ dáadáa. Kẹrosíìnì, pẹtiróòlù àti tínà kì í ṣe oògùn: wọ́n ń tú gọ́ọ̀mù tó mú irin náà mọ́ kátíríìjì. Abẹ́rẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ kan ojú ihò.

Epson ò ṣeé yọ báyẹn. Bí orí bá ń lọ bá ń bọ̀, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri kó lè dúró sáàárín. Ẹ ṣẹ́ tíṣù tó le po, ẹ fi distilled water rin ín, ẹ tẹ́ ẹ sí ojú ọ̀nà orí náà, kí ẹ rọra ti orí bọ́ sórí rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ sì yọ tíṣù kúrò kí ẹ tó tan ẹ̀rọ padà. Àwọn kan máa ń fi sìríǹjì àti rọ́bà ti omi wọ orí náà tipátipá. Kò dára. Agbára ọwọ́ lè tú ohun tó là àwọn àwọ̀ láàárín, wọn á sì máa dà pọ̀ títí ayé.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tún un ṣe kì í sábà yẹ̀ wò: rọ́bà tó ń dé orí náà lẹ́nu, lápá ọ̀tún. Tirẹ̀ ni iṣẹ́ fífa íńkì nígbà tí ẹ bá ń fọ orí. Ẹ kán distilled water kún inú rẹ̀, kí ẹ fọ orí lẹ́ẹ̀kan. Bí omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pọ́ǹpù ò fà. Bí ẹ bá fọ orí nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní yí nǹkan kan padà, àfi kí ẹ tún pọ́ǹpù àti rọ́bà rẹ̀ ṣe.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀

Rọ́bà yẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ iná ṣe pàtàkì ní Ìkòròdú. Bí ẹ bá fi bọ́tìnnì ara pírìńtà pa á, orí á kọ́kọ́ padà sórí rọ́bà náà, á dé e kí íńkì má gbẹ, kó tó kú. Bí iná bá lọ lójijì láàárín iṣẹ́, tàbí tí ẹ bá pa á lára ògiri, orí á dúró síbi tó bá a, ẹnu rẹ̀ á sì wà ní gbangba. Bí iná ò bá wá títí di ọjọ́ kejì, pàápàá lákòókò ọyẹ́ tí ètè wa pàápàá ń là, íńkì á ti gbẹ sẹ́nu ihò kí ẹ tó dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASUSTECH mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù náà ni irú ẹ̀ sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

UPS (ẹ̀rọ oní bátìrì tó ń gbé iná ró bí iná bá lọ) kékeré kan tó lè gbé pírìńtà fún ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, kò pọn dandan kó gbé kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Bí kò bá sí, ní kété tí iná tàbí jẹnẹrétọ̀ bá dé, ẹ tan pírìńtà, ẹ jẹ́ kí orí padà síbùdó, kí ẹ fi bọ́tìnnì rẹ̀ pa á. Kí ẹ tó pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, pírìńtà ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Ẹ máa tẹ ìwé kan tó ní àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí oníbàárà, kí ẹ má sì gbé ẹ̀rọ sí abẹ́ fáànù.

Gbogbo íńkì tó ń jáde nígbà ìfọ̀ ń lọ sínú fóòmù kan nísàlẹ̀ ẹ̀rọ. Epson ń ka iye rẹ̀. Bí ó bá pé, iná pupa á máa ṣẹ́jú, ẹ̀rọ ò sì ní tẹ̀wé mọ́. Resetter tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kàn ń dá nọ́ńbà padà sí òdo ni, fóòmù náà ṣì kún. Bí ẹ bá lo resetter láì pààrọ̀ fóòmù, íńkì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sórí tábìlì. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tẹ Nozzle Check méjì lójú yín, kí ó dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín wọn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.